Bí A Ṣe Ń Yan Máòsì Aláìlókùn fún Géèmù World of Warcraft

Nínú géèmù orí kọ̀ǹpútà bíi World of Warcraft, ọgbọ́n ìjà tí akọni kan ń lò pọ̀ púpọ̀, a sì lè fi bọ́tìnnì kan pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ wò lára máòsì ni iye bọ́tìnnì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ tí àtàǹpàkò ń sinmi sí. Máòsì kan tí ń jẹ́ Razer Naga Pro, tí ó jáde ní ọdún 2020, ní abala ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta tí a lè pààrọ̀: ọ̀kan ní bọ́tìnnì 2, èkejì ní 6, ẹ̀kẹta sì ní 12. Èmi gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi 6 bẹ̀rẹ̀, nítorí àtàǹpàkò tí kò tí ì mọ ọ̀nà a máa ṣi bọ́tìnnì tẹ̀ nígbà tí ìjà bá gbóná. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ dì í mú kí ẹ tó sanwó, torí pé irú máòsì bẹ́ẹ̀ máa ń tóbi, ó sì máa ń wúwo.

Ní ti àìlókùn, ẹ yan èyí tí ó ní ẹ̀rọ kékeré tí a ń kì bọ ojú USB, tí ó ń lo ìgbì 2.4 GHz, nítorí ó máa ń yá ju Bluetooth lọ. Ẹ sì rí i dájú pé ó ṣeé lò nígbà tí ó bá ń gba iná, kí bátìrì má baà kú mọ́ yín lọ́wọ́ láàárín ìjà.