Bí a ṣe ń tọ́jú ilé kànkéré ayé òmìnira, àti bí a ṣe ń lọ wò ó

Bàbá mi fi owó òwò Gánà kọ́ ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ìjọba ibẹ̀ tó lé àwọn àjèjì ní 1969. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Bálíkónì rẹ̀ yọ síta láìní òpó kankan lábẹ́, bulọ́ọ̀kù oníhò ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ wọlé tí òòrùn kò sì lè tẹ̀lé e. Irú ọgbọ́n yẹn ni Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀, Jane Drew, àwọn ayàwòrán ilé láti Ìlú Ọba, fi ya àwòrán ilé Yunifásítì Ìbàdàn. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣì kù lọ́dọ̀ wa. Àwa ọmọ la ń kánjú wó o.

Bí tiyín bá ṣì dúró, orí òrùlé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, ẹ kó ewé àti ìtẹ́ ẹyẹ kúrò lẹ́nu páìpù tó ń gbé omi dànù. Ẹ da garawa omi mẹ́ta sórí òrùlé kànkéré náà, kí ẹ sì dúró. Ibi tí omi bá dá sí lẹ́yìn wákàtí kan, ibẹ̀ ni yóò ti jò. Ẹ fi ẹfun sàmì sí i. Kí ojú má tì yín o. Ilé Villa Savoye tí Le Corbusier, ayàwòrán ilé tó lókìkí, kọ́ sí Poissy, lẹ́bàá Paris, tó parí ní 1931, jò débi pé ìyàwó onílé ń kọ lẹ́tà kíkan sí i. Wọ́n tiẹ̀ fẹ́ wó o nígbà kan, àfi ìgbà tí ìjọba Faransé kọ ọ́ mọ́ àwọn ilé tí òfin ń dáàbò bò ní 1965. Lónìí, èèyàn ń sanwó wọ ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú hámà kékeré, ẹ máa fi kan abẹ́ bálíkónì díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá dún gán-ín, ẹ kọjá. Bí ó bá dún pòkò bí igbá òfìfo, omi ti dé ọ̀dọ̀ irin nìyẹn: irin ti dógùn-ún, ó ti wú, ó sì ń ti kànkéré jáde. Ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́ lójú lásán. Èyí tó ṣe tiwa lẹ̀ ẹ́, ó kùn ún ní ọ̀dà funfun, ó gbowó. Kí ọdún tó yí po, abala kan já lulẹ̀ níwájú ilé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn ọmọ ti lọ sílé ìwé. Ẹ gbẹ́ gbogbo èyí tó ti ń ṣí kúrò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha irin títí yóò fi dán, kí ẹ tó fi sìmẹ́ǹtì àti iyanrìn dí i. Bí ìpáàrà bá ti jẹ irin náà di tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ pe ẹnjiníà. Ilé Fallingwater tí Frank Lloyd Wright, ayàwòrán ilé, kọ́ sórí odò ní Amẹ́ríkà, bálíkónì rẹ̀ ti ń tẹ̀ wálẹ̀ kí wọ́n tó fi okùn irin fà á le ní 2002.

Ilẹ̀ tẹrásò, èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì àti òkúta wẹ́wẹ́ ṣe tí wọ́n sì dán, ńkọ́? Ọṣẹ àti omi ti tó. Ásíìdì ń jẹ ẹ́. Bí gíláàsì lúfà ojú fèrèsé bá fọ́, ẹ pààrọ̀ èyí tó fọ́ nìkan. Bí àjà bá jẹ́ asbẹ́sítọ́ọ̀sì, ẹ má fi ayùn kàn án, eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró.

Iṣẹ́ tó le jù kò sí lọ́wọ́ bíríkìlà. Ilé bàbá ni, gbogbo ọmọ ló ni ín. Ẹ pe ẹbí jọ nígbà Iléyá tàbí Kérésì, tí àwọn ará Èkó bá wálé, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan kò ní dá a tà, kí ẹ sì máa dá owó òrùlé lọ́dọọdún. Ẹ wá àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ilé náà. Tiwa wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá Àgbà; eku ti jẹ igun rẹ̀ kan.

Bí ó bá jẹ́ ilé onílé lẹ fẹ́ lọ wò, ẹ kọ́kọ́ rán ẹni tí wọ́n mọ̀ nínú agbo ilé. Ẹ lọ láàárọ̀, ẹ kí Baálé, ẹ jókòó, ẹ mu omi tí wọ́n bá gbé wá. Ẹ má tíì yọ fóònù. Ẹ má ya yàrá, ẹ má ya aṣọ tí wọ́n sá. Bí Ìyá bá ní kí ẹ gòkè, ẹ bọ́ bàtà yín sílẹ̀: tẹrásò òkè máa ń tutù lẹ́sẹ̀, àní lọ́sàn-án gangan.