Títọ́ Ẹmu Wò Kí Ẹ Tó Rà: Èló Ló Yẹ Kí Ẹ San?

Ọ̀nà Ìdànrè ni mo ti ń ra ẹmu tí mo ń tà l'Ákùúrẹ́. Mi ò ní san owó kẹ́ẹ̀gì kan láìtọ́ ọ wò. Lọ́dún tó kọjá, ojú tì mí láti bèèrè, mo gbé kẹ́ẹ̀gì méjì lọ síbi ìkómọ, àṣé wọ́n ti bu omi là á. Ó dùn mí gan-an.

Ìdajì igbá kékeré ti tó. Bí ẹ bá máa ra kẹ́ẹ̀gì, adẹ́mu kì í gbowó ìtọ́wò. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tọ́ ti ẹni mẹ́ta wò, tí ẹ ra ti ẹnì kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àwọn méjì tó kù ní ₦200 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi máa ń fún wọn. Ìdájí ni wọ́n ti so igbà mọ́ ìdí, tí wọ́n ń gun ọ̀pẹ.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó. Ẹmu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ á máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ létí igbá. Ẹ wá fà á díẹ̀, kí ẹ dá a dúró lórí ahọ́n. Tó bá dùn, tó wá ta ahọ́n díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó dáa. Tí adùn rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọ̀fun bíi ti ṣúgà, tí kò sì hó, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ fi omi yọ́ ẹnu kí ẹ tó bọ́ sórí ògùrọ̀, nítorí adùn tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀pẹ. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan.