Láti Porto dé Santiago: ẹ gba etíkun ni àbí ẹ gba àárín?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fẹsẹ̀ rìn láti Porto ní Pọtogí lọ sí Santiago de Compostela ní Sípéènì, ọ̀nà méjì ló wà, ọ̀kan gba etíkun, èkejì gba àárín ilẹ̀, ìlú Redondela ní Sípéènì ni wọ́n ti máa ń pàdé. Tó bá jẹ́ ìgbà oòrùn lẹ ń lọ, ẹ gba etíkun jàre, atẹ́gùn òkun á máa fẹ́ yín, ibi tó pọ̀ níbẹ̀ pákó tí wọ́n tò sórí iyanrìn lẹ ó máa rìn lé. Ó fi díẹ̀ gùn o, bíi kìlómítà 280, ti àárín ò ju bíi 240 lọ. Ní ìlú Caminha ẹ máa wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá odò Minho tó pààlà Pọtogí àti Sípéènì, ẹ tètè béèrè àsìkò ọkọ̀ látàárọ̀ ọjọ́ tó ṣíwájú, torí tí ojú ọjọ́ bá bàjẹ́ wọ́n lè má gbéra.

Àárín ní ibòji àti ìlú àtijọ́ bíi Barcelos, ṣùgbọ́n òkúta tí wọ́n tẹ́ sójú títì ẹ̀ máa ń fojú àtẹ́lẹsẹ̀ rí màbo, ẹ wá bàtà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ nípọn. Kúrò ní Ponte de Lima, òkè Labruja ń dúró dè yín, ẹni tí orúnkún ń dùn kó yáa rò ó dáadáa. Ìgbà òtútù, èmi ò ní gba etíkun láé, ìjì yẹn ò mọ àlejò. Tí etíkun bá sì sú yín lójú ọ̀nà, ẹ tẹ̀lé odò Minho láti Caminha dé ìlú Valença, ẹ ti bọ́ sí ti àárín nìyẹn.