Ìrìn Àjò Oògùn Jẹjẹrẹ Nínú Ara, àti Ìtọ́jú Aláìsàn Nílé

Bí ẹ bá ń mú aláìsàn bọ̀ láti ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ṣàgámù, yálà Ìpẹru lẹ ń lọ tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ mọ̀ dájú pé oògùn tí wọ́n fà sínú iṣan rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ bi nọ́ọ̀sì ní orúkọ oògùn náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé ọ̀nà tí kálukú wọn ń gbà jáde lára yàtọ̀.

Oògùn yìí kì í gba inú ikùn wọlé bíi ti oníhóró. Ọkàn ló kọ́kọ́ ń dé, ó ń gba ẹ̀dọ̀fóró kọjá, ọkàn a sì tì í sí gbogbo ara láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ kan ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín. Cyclophosphamide, ọ̀kan lára àwọn oògùn jẹjẹrẹ yìí, kì í lágbára àfi bí ẹ̀dọ̀ bá yí i padà, ṣùgbọ́n ìyípadà yìí kan náà ló ń mú èròjà kan jáde tí ó máa ń ta àpò ìtọ̀. Ìdí nìyí tí aláìsàn fi gbọ́dọ̀ máa mu omi dáadáa, kí ó sì máa tọ̀ léraléra, àní lóru pàápàá, àyàfi bí dókítà bá ní kí ó dín omi kù. Kíndìnrín ni oògùn mìíràn, cisplatin, ń yọ lẹ́nu, nítorí náà wọ́n máa ń fa omi sí aláìsàn lára ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ní ti doxorubicin, tí ó pọ́n bí sóbò, inú òróòro ni púpọ̀ rẹ̀ ń gbà bọ́ sínú ìgbẹ́, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ìtọ̀ pọ́n fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Èyí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀; bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sọ fún dókítà.

Fún wákàtí 48 àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ó bá gba oògùn, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bí ẹ bá fẹ́ kó ìtọ̀, ìgbẹ́ tàbí èébì rẹ̀, ẹ fọ aṣọ tí ó bá kàn án lọ́tọ̀, kí aboyún má sì fọwọ́ kan àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Ẹ̀dọ̀ tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn báyìí kò tún yẹ kí a di àgbo rù. Ó ṣeé ṣe kí ìyá àgbà kan gbé ìgò dé pẹ̀lú ìfẹ́ òtítọ́. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì gbé e tì títí ẹ ó fi bi dókítà.

Oògùn kò mọ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí àwọn mìíràn tí ń yára pọ̀ sí i, ó sì ń ba èyí tí ó wà nínú mùdùnmúdùn eegun, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, jẹ́. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn oògùn ni sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tí ń bá àrùn jà, sábà máa ń kéré jù. Ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná dára fún un lásìkò yìí, ẹ̀bà náà dára, ṣùgbọ́n kí ó fi gàrí tí a fi omi kànga rẹ sílẹ̀. Ẹ ní tẹmómítà nílé: bí ooru ara rẹ̀ bá dé 38°C, ẹ má fi parasitamọ́ọ̀lù dá a dúró di àárọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru náà, kí ẹ sì sọ orúkọ oògùn náà àti ọjọ́ tí ó gbà á fún nọ́ọ̀sì tí ẹ bá kọ́kọ́ rí.