Ẹja Yín Ń Pòòyì, Ẹ Ń Sáré Ra Oògùn: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Olóko Ẹja Tuntun

Lánàá, àbúrò kan láti Ìjẹ̀dẹ́ tún pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o! Ẹja ń fẹ̀gbẹ́ lúwẹ̀ẹ́, àwọn kan ń pòòyì. Mo ti da oògùn sí i." Mo ní oògùn wo? Ó ka mẹ́ta. Nígbà tó dárúkọ ẹ̀kẹta, mo wá ibì kan jókòó.

1. Ẹ má da oògùn sí pọ́ǹdù torí pé ẹja ń pòòyì. Ibi tí inú ti ń bí mi gan-an nìyí, ẹ fara balẹ̀.

Ẹ ti rí òkú ẹja lójú omi rí: ikùn ló sábà máa ń kọ sókè. Ara ẹja fúnra rẹ̀ ò fẹ́ dúró déédéé. Nǹkan kan ló ń tún un ṣe ní gbogbo ìgbà tó fi wà láàyè. Ẹni tó bá ti jẹ orí ẹja krókà, tí òkúta funfun sì fẹ́ẹ̀ ká a léyín, ti pàdé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Òkúta etí ni. Bí ẹja bá tẹ̀, òkúta á yẹ̀, etí á ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà ní ìdí ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwọn yẹn á wá pàṣẹ fún iṣan: ẹ fà níhìn-ín, ẹ dẹ̀ lọ́hùn-ún. Yíyà sọ́tùn-ún sósì náà, ibẹ̀ ni. Àwọn onímọ̀ ti fi iná laser pa ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ibẹ̀ nínú ọmọ zebrafish, ẹja kékeré tí ara rẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì nígbà tó bá ṣì wà lọ́mọ. Ẹja ṣì ń lọ síwájú dáadáa, àmọ́ tó bá fẹ́ yà sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, iwájú náà ló tún ń gbà.

Ní pọ́ǹdù tiwa, ammonia ló sábà ń da ibẹ̀ rú. Oúnjẹ tó ṣẹ́kù àti ìdọ̀tí ara ẹja ló ń dà á. Ó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì á máa jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnìkan ò rán wọn, ẹja á máa pòòyì, gìrì á mú un. Oxytetracycline, oògùn apabakitéríà tí ọ̀pọ̀ yín ń dà sí i, kì í fọ ammonia. Kódà, ó lè pa bakitéríà rere tó ń bá yín jẹ ammonia yẹn nínú omi.

Ẹ má rò pé mo gbọ́n jù yín lọ. Lọ́dún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, wòlíì ni mo gbé wá. Mo ní ayé ló ń ṣe mí. Wòlíì gbàdúrà yí pọ́ǹdù ká, ó gbowó, ó ní ká bá òun di ẹja mẹ́rin. Ó lọ tán ni ọmọ iṣẹ́ mi sọ pé, "Ọ̀gá, omi yìí mà ń rùn." Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mi ò tíì pààrọ̀ omi.

2. Ẹ yé gbá ara táǹkì láti wò ó bóyá ara ẹja le. Ọ̀pọ̀ ẹja ló ní sẹ́ẹ̀lì ńlá méjì ní ìdí ọpọlọ, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Mauthner ni wọ́n ń pè wọ́n. Ariwo ọ̀tún dé, tọ̀tún á fa iṣan òsì, ẹja á ká kọ́rọ́ bíi lẹ́tà C, ó ti sá lọ. Ìbẹ̀rù lẹ rí yẹn, kì í ṣe ìlera. Ẹ sì tún ń rẹ́rìn-ín.

3. Omi ẹ̀rọ tó ní chlorine: ẹ jẹ́ kó sùn nínú táǹkì mìíràn kẹ́ ẹ tó lò ó.

Ìkarùn-ún, àbí ìkẹrin ni, ẹja àrọ̀ tó yọrí gba afẹ́fẹ́ tó sì padà sísàlẹ̀ kò ṣàìsàn. Bó ṣe ń mí nìyẹn. Èyí tó fi orí sókè tí kò lọ mọ́ ni kẹ́ ẹ dàníyàn sí.

Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́ ńkọ́? Ẹ wo oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú yẹn bóyá vitamin C wà nínú ẹ̀.

Mo ní kí àbúrò Ìjẹ̀dẹ́ yẹn fa omi dé ìdajì, kó bu omi tuntun sí i, kó má sì fún wọn lóúnjẹ títí di ọ̀la. Ó dúpẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, oògùn wo wá ni kí n fi tẹ̀lé e?"