Bí a ṣe ń yẹ bọ́jẹ́ẹ̀tì káńsù wò, kí owó ìpamọ́ má bàa tàn wá jẹ

Ẹ̀yin káńsílọ̀ tuntun àti ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù tó fẹ́ mọ ibi tí owó ń gbà lọ, ẹ kọ́kọ́ mọ káńsù tó ni àdúgbò yín o. 11 ló wà n'Ìbàdàn, 5 láàárín ìgboro, 6 lẹ́yìn odi, kálukú ló sì ní bọ́jẹ́ẹ̀tì tiẹ̀. Mo mọ ẹnì kan tó ti Bódìjà wọ mọ́tò lọ sí Mápó, ó jókòó títí kí wọ́n tó sọ fún un pé Agodi Gate ni tiwọn wà.

Ìwé mẹ́ta lẹ máa gbà: bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí, àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ná gan-an lọ́dún tó kọjá, àti sítétímẹ́ǹtì báǹkì tó parí sí 31 Dìsẹ́ḿbà. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ará àdúgbò lásán, ẹ kọ lẹ́tà, ẹ dárúkọ òfin Freedom of Information ti 2011 sínú ẹ̀, ọjọ́ 7 ló fún wọn láti dáhùn, kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín, torí lẹ́tà tí ò lóǹtẹ̀, wọ́n lè láwọn ò rí i. Ẹ ò nílò kọ̀ǹpútà. Ìwé 2A kan, bíírò pupa àti kakulétọ̀ orí fóònù ti tó.

Ojú-ìwé owó tó ń wọlé ò le. Alókéṣọ̀n, ìyẹn owó tí wọ́n ń pín fún káńsù láti àpò ìjọba àpapọ̀, ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti pẹ́ńṣàn ń jáde nínú ẹ̀, ẹ má rò pé gbogbo ẹ̀ ló ń dọ́wọ́ káńsù. Ìyókù ni owó ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran. Tówó ọjà bá ṣàdédé di ìlọ́po mẹ́ta tèṣí, tẹ́ ẹ ò sì rí ọjà tuntun kankan, ẹ fi bíírò pupa sí i, ẹ máa lọ.

Ibi tí wọ́n ti máa ń bà á jẹ́ rèé: owó ìpamọ́, ìyẹn owó tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Wọ́n á ka "bálánsì, 50 mílíọ̀nù", gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pín nǹkan kan. Ẹ ṣí sítétímẹ́ǹtì báǹkì, ṣé 50 ló wà níbẹ̀ lóòótọ́? Ó wà, ó dáa, ẹ béèrè gbèsè. Ká ní agbaṣẹ́ṣe tó la gọ́tà ṣì ń retí 20, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ń retí 12 owó gírátúítì, 18 ló kù yẹn. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba sínú 2A yín.

Kò tíì tán. Ẹ padà sójú-ìwé owó tó ń wọlé, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọn ò tún ka bálánsì yẹn mọ́ ọn. Mo rí i rí ní káńsù kan, owó kan náà ló wà níbi méjì, wọ́n fi ti àkọ́kọ́ ra mọ́tò, wọ́n fi ìkejì ṣèlérí afárá kékeré fún wa, òjò dé, afárá ò dé, pákó méjì la fi ń sọdá, àwọn ọmọ iléèwé á bọ́ bàtà sọ́wọ́, ìyá wọn á dúró sódìkejì máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mí títí dòní.

Wàyí o, ẹ wo iye tí káńsù ò lè ṣe kó má ná lóṣù kan, owó oṣù, dísù, kíkó ìdọ̀tí. Tí 18 yẹn ò bá tó oṣù méjì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì gbà kí wọ́n máa fi san owó oṣù, torí owó oṣù á tún dé lóṣù tó ń bọ̀, èyí tẹ́ ẹ ná ò ní padà wá. Ẹni tó bá rántí omíyalé Ògùnpa n'Ìbàdàn lọ́dún 1980, tàbí ti 26 Ọ́gọ́ọ̀sì 2011, á mọ ọjọ́ tá à ń tọ́jú ẹ̀ dè.

Lápá ìnáwó, ìlà tí wọ́n bá kọ "oríṣiríṣi" sí nìkan ni kẹ́ ẹ tú wò, ìyókù máa ń ṣàlàyé ara ẹ̀. Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó wọ mínítì ìpàdé. Tó bá di ìparí Máàṣì, ẹ padà lọ gba sítétímẹ́ǹtì tuntun, tí 18 bá ti di 9, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n fi buwọ́ lù ú hàn yín.