Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí kókó olómi inú páńkíríásì

Àṣìṣe tó burú jù ni kí síkáànì fi àpò omi hàn lára páńkíríásì (ẹ̀yà ara ẹ̀yìn àpòlúkù tó ń ṣe omi tó ń da oúnjẹ àti èròjà tó ń ṣàkóso ṣúgà), kí wọ́n sì gbà lójú ẹsẹ̀ pé omi lásán ni. Lóòótọ́, omi máa ń kó jọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí páńkíríásì bá wú, pàápàá lára ẹni tó ń mu ọtí líle tàbí tí òkúta wà nínú àpò òróòro rẹ̀. Ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 kí ara àpò náà tó le. Ṣùgbọ́n bí obìnrin ẹni ọdún 45, tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kò ṣe rí, bá ní àpò omi níhà ìrù páńkíríásì, ẹ fura. Ó lè jẹ́ kókó tó ń sun ikun, èyí tó lè di jẹjẹrẹ. Bí oníṣẹ́ abẹ bá dá ihò sí i, tó so ó pọ̀ mọ́ àpòlúkù kí omi lè máa ṣàn jáde, kókó ò kúrò. Gígé ló yẹ kí wọ́n gé e. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa díẹ̀ nínú omi náà fún àyẹ̀wò kí ẹnikẹ́ni tó mú ọ̀bẹ: bí amylase (èròjà tí páńkíríásì ń ṣe láti da oúnjẹ) inú rẹ̀ bá kéré gan-an, kì í sábà jẹ́ omi lásán.

Àwọn mìíràn a sì sáré ṣiṣẹ́ abẹ tí kò pọn dandan. Láti 1978 ni àwọn dókítà Compagno àti Oertel ti ya kókó olómi ṣíṣàn (èyí tí omi inú rẹ̀ kò ki bí ikun) sọ́tọ̀ kúrò lára oníkun, ìyẹn èyí tó ń sun ikun. Olómi ṣíṣàn kì í sábà di jẹjẹrẹ. Bí kò bá ni èèyàn lára, ṣíṣọ́ ọ tó. Iṣẹ́ abẹ níhà orí páńkíríásì kì í ṣe kékeré, wọ́n á gé apá kan ìfun àti àpò òróòro mọ́ ọn, ìtọ̀ ṣúgà sì lè tẹ̀ lé e.

Ẹ má fi oògùn ọ́lsà bo inú rírun mọ́lẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Bí ojú bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ti ibà pọ́njú, tàbí tí àgbàlagbà ń rù, tàbí tí ìtọ̀ ṣúgà dé lójijì, ẹ lọ ya síkáànì. Bí ọ̀nà omi inú páńkíríásì bá fẹ̀ tó mìlímítà 10, ẹ tètè rí oníṣẹ́ abẹ.

Bí wọ́n bá máa gé spleen (ẹ̀yà ara tó wà nítòsí ibẹ̀, tó ń bá kòkòrò àrùn jà) mọ́ ìrù páńkíríásì, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú.